Sójà Tó Ń Wá Àgbà Ilé Wa

Nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, ní Monrovia, èmi ni ògbufọ̀ ilé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Yorùbá ni bàbá mi, ó máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Freeport, èbúté ọkọ̀ òkun ìlú náà. Ọmọ Làìbéríà ni ìyá mi, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" sì ni gbogbo Yorùbá tó gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wa ló ti dàgbà, nítorí náà Yorùbá tirẹ̀ náà kò tó nǹkan. Èmi nìkan ni bàbá mi fi èdè rẹ̀ tọ́. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ díẹ̀, ojú mi ni gbogbo wọn máa ń wò.

Duport Road là ń gbé. Ogun ti jà, ó ti dáwọ́ dúró, gbogbo wa sì mọ̀ pé ó tún ń bọ̀. Kọ́fíù wà nílùú, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde lálẹ́, nítorí náà ọ̀sán la máa ń wo fíìmù. Bàbá mi ní tẹlifíṣọ̀n kan àti ẹ̀rọ fídíò, sójà Nàìjíríà kan ló sì máa ń gbé epo jẹnẹrétọ̀ wá fún wa lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀dọ́kùnrin ni sójà yìí, ọmọ Yorùbá ni, awakọ̀ ni láàrin àwọn tí wọ́n rán wá pẹ̀tù sí ogun. Ó máa ń jẹ èbà nílé wa. Ó ń pe bàbá mi ní Bàbá, ó ń pe ìyá mi ní Mọ́mì, ó sì máa ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Òun náà ló mú fíìmù kan ṣoṣo tí a ní wá.

Mo lè ro fíìmù náà fún yín títí dé ibi tí téèpù rẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí a kò mọ òpin rẹ̀ rí. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà fún ọkùnrin kan. Bí ọkùnrin náà bá ti wọ agboolé, ọmọbìnrin á sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn obìnrin àdúgbò tó kún pálọ̀ wa á máa pariwo pé kò fẹ́ ọkùnrin náà: "Da girl na like da man o! Look how she running from him!" Ìyá mi náà á gbè wọ́n lẹ́yìn, á ní ṣé tipátipá ni wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó ní Nàìjíríà ni. Bàbá mi á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Sọ fún wọn," á wí fún mi, "pé ẹni tí kò fẹ́ni ló ń dúró wojú ẹni ranran. Ní ìlú tiwa, àfẹ́sọ́nà á sá pamọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á pè é kó tó jáde. Bó bá jáde ní ìpè àkọ́kọ́, ojú ń kán an nìyẹn!"

Mo sọ fún wọn, mo tilẹ̀ fi iyọ̀ sí i, bí ògbufọ̀ ṣe máa ń ṣe. Mo fi ibi tí fìlà ọkùnrin náà ti jábọ́ hàn wọ́n, tí ọmọbìnrin náà mú un, tó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, tó sì dì í mú pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní níbẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Bàbá mi ní òun ló bí mi lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í dá sí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó máa ń ní kí n dá téèpù padà síbẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ṣàkíyèsí pé kì í wo tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Sójà ló máa ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi lọ síbi iṣẹ́ bó ṣe máa ń lọ. Kó tó di ọ̀sán, ìbọn ti ń dún láàrin ìlú, wọ́n ti dí afárá, ẹni tó wà lápá Bushrod Island, níbi tí Freeport wà, kò sì lè kọjá sọ́dọ̀ wa mọ́. Bàbá mi kò wálé lọ́jọ́ náà. Kò wálé lọ́jọ́ kejì. A ń sọ fún ara wa pé ó há sí ọ̀hún ni, pé ìrẹsì pọ̀ ní Freeport, pé ògiri ibẹ̀ nípọn. Ẹ̀rù ń bà wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ ọ́.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà la tún rí ọkọ̀ sójà wa tó ń kọjá lójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde, ó juwọ́ sí i. Ọkùnrin náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹná mọ́ ọkọ̀, ó lọ. Nígbà tó yá, ó gbé àpò ìrẹsì kékeré kan àti ẹja inú agolo sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá arúgbó tó ń ta èédú ní ìkóríta, ó ní kó bá òun kó o fún wa. Kò ya ilé wa. Ìyá mi béèrè lọ́wọ́ ìyá elédùú bóyá ó sọ̀rọ̀ ọkọ òun. Ó ní kò sọ nǹkan kan, ilẹ̀ ló ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí wọ yàrá, ó ní kí n wá túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ọkùnrin tó ti ń bá òun ṣàwàdà, kí ló dé tó wá ń sá fún òun, tó sì tún ń gbé oúnjẹ ránṣẹ́? Ara mi yá gágá. Mo ní ṣé ó ti gbàgbé fíìmù ni? Mo ní ẹni tó ń sá ni ẹni tó fẹ́ni, ṣebí Bàbá ló sọ ọ́. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe tàn, láàrin gbogbo wàhálà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń sá fún wa bẹ́ẹ̀, tí oúnjẹ sì ń dé. Nígbà tí ìbọn rọlẹ̀ díẹ̀, ìyá elédùú wọlé tọ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Da soldier man say, who your pa people big man in this town? He say he get something to tell him."

Gbogbo wọn wojú mi. Èmi ògbufọ̀, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í dédé kọjú sí ọmọge, àgbà ilé ló máa ń wá lọ. Mo ní ìyàwó ló fẹ́ wá tọrọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí bàbá mi ti jáde nílé, ó ní kí ọkọ òun tètè dé kó wá gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ti mọ ohun tí a kò bi ara wa. Bí ọmọ bá ní baba láàyè, kí ni sójà ń wá àgbà mìíràn fún? A ní nítorí afárá tó dí ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n fi ń wá àgbà ilé kiri nílẹ̀ wa, mo sì mọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn.

Bàbá arúgbó kan tó ń ta aṣọ ní Randall Street ni àgbà gbogbo Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orúkọ rẹ̀ la fi ránṣẹ́. Láàárọ̀ Sátidé, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀: bàbá náà, obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì méjì, àti sójà lẹ́yìn wọn, tó ń lọ́ fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọ aṣọ búlúù tó fẹ́ràn jù. Mo ní kó sá, ó sì sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

Ìyá mi gbé obì àti ata síwájú àwọn àlejò, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú tirẹ̀. Bàbá náà wo obì, kò fọwọ́ kàn án. Ó gbọ́ èdè ìyá mi dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ló kọjú sí. Bóyá ọ̀rọ̀ náà wúwo jù fún un láti sọ ọ́ ní èdè àjèjì.

"Ọmọ mi, sọ fún ìyá rẹ pé ọ̀rọ̀ tá a bá wá, kò ní obì nínú."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ lọ ló ń yé èmi náà.

Sójà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Òun ló bá òkú bàbá mi lẹ́bàá ọ̀nà Freeport lọ́jọ́ kejì ogun, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ló sì sin ín. Ó ní òun kì í ṣe ẹbí, òun ò lè dédé túfọ̀ fún opó àti ọmọ olókùú, òun ò sì mọ ojú tí òun ó fi wò wá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Mi ò rí ẹ̀bi tí mo lè dá a.

Wọ́n ní kí n lọ pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gbọ́ igbe ìyá mi, ó rò pé ayọ̀ ni. Mo pè é, ó mi orí. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́ ẹnu, ó na ìka kan sókè sí mi pé ó ku ẹyọ kan. Ẹnu mi kò lè pe ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó wo ojú mi títí, ó sì rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Wọ́n pààrọ̀ àwọn sójà náà kò pẹ́ sígbà yẹn, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ, ó bímọ, ó ti di olóògbé báyìí. Kó tó kú, ó bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé kò tiẹ̀ wá sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, nínú gbogbo bí ọkùnrin yẹn ṣe ń sá? Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ.

Láyé òde òní, àwọn ọmọ mi kì í túmọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọn á kọ ọ́ sórí fóònù. Bí èèyàn bá sì kú, àwòrán rẹ̀ á ti káyé kí ara rẹ̀ tó tutù, kò sẹ́ni tó ń wá àgbà ilé kankan. Mo máa ń bá wọn jà lórí ìyẹn, mo máa ń ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Nígbà tí wọ́n bá lọ tán, mi ò ní mọ ẹni tó jàre mọ́. Bí fóònù bá wà nígbà yẹn, à bá ti sunkún wa lọ́jọ́ kejì ogun, ẹnikẹ́ni kì bá tí wọ aṣọ búlúù. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, bàbá mi ti wà nínú ilẹ̀, àwa sì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, à ń jiyàn lórí ohun tí yóò sọ fún àna rẹ̀. Èmi ni mo fi ẹnu mi fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ẹnu mi yìí náà ni mo sì fi gbà á padà.