Gunnvor Ń Wá Yìnyín Lóṣù Karùn-ún

Ní àfonífojì Tveitadal, bí oṣù Karùn-ún bá ti wọlé, kálukú ti gbé síkì rẹ̀, pátákó gígùn méjì tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, sókè àjà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń fọ̀, ọ̀dùnkún ni wọ́n ń gbìn. Gunnvor nìkan ló kù tó máa ń dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, tó ń wo orí òkè bí ìyá tó ń wọ̀nà fún ọmọ tó pẹ́ níbi tí wọ́n rán an.

Obìnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lẹ́tà ló fi gbogbo ayé iṣẹ́ rẹ̀ pín láti ojúlé dé ojúlé. Ajá bù ú jẹ, yìnyín gbé e ṣubú, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dá a dúró sílé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn èèyàn rò pé yóò jókòó. Kò jókòó. Ọdọọdún, nígbà tí gbogbo ayé bá ti gbà pé yìnyín ti tán, òun àti Åsne, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, á gun òkè lọ sí ahéré Nutebu. Wọ́n á sùn níbẹ̀, wọ́n á sì fi síkì yọ̀ sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìrìn ìdágbére ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dún yìí, Åsne ní òun ò lọ mọ́.

Ilé ìdáná Gunnvor ló ti sọ ọ́, níbi tó ti ń po kọfí. "Ọjọ́ Ajé làwọn ẹgbẹ́ afunfèrè ilé-ìwé ń bọ̀ wá kó ẹrù ọjà àlòkù wọn. Mo ti gbé síkì mi sẹ́nu géètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti kú."

"Ọkọ mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Ìyàwó, kí ni mo ṣe sí ọ? Lọ́dún ìjẹta, òjò pa wá bí ẹyẹlé. Lọ́dún tó kọjá, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Ṣé síkì gbé mi lọ́dún tó kọjá? Èmi ni mo gbé síkì! Ẹṣin tó yẹ kí n gùn, èmi ni mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ."

Torleif, ọkọ Gunnvor, tó ń bó ọ̀dùnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, bú sẹ́rìn-ín. Orúnkún rẹ̀ ti kọ síkì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹnu nìkan ló kù tó fi ń bá wọn gun òkè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ẹ kúkú fẹ́ràn ọmọ pípọ̀n."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, olórúnkún igi." Åsne yíjú sí Gunnvor. "Ẹrẹ̀ ọ̀hún gan-an kọ́ ló dùn mí. Ìwọ lo wò mí lójú, o ní yìnyín kún ibẹ̀ bámúbámú. Bámúbámú! Àgùntàn la bá níbẹ̀ tó ń jẹko."

Lóòótọ́ ni Gunnvor sọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ nígbà náà pé ilẹ̀ ti hàn, ẹ̀rù ló bà á pé bí òun bá jẹ́wọ́, Åsne ò ní tẹ̀ lé òun. Ẹ̀rù yẹn ló tún ń bà á báyìí. Òkè kì í ṣe ibi tí àgbàlagbà ń dá lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ jìnnà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Bí síkì Åsne bá dé ọjà àlòkù, tirẹ̀ náà ò ní kúrò lókè àjà mọ́ láé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé ọkọ, Åsne kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. "Agbélẹ́tà!" ló máa ń pè é. Odindi ọdún ni wọ́n fi ń kí ara wọn bí ẹni tó ń san owó orí. Åsne ló mú un gun òkè lóṣù Karùn-ún ọdún kejì, kí ó lè rí ibi tí àṣírí ìyàwó náà máa ti tú. Kùrukùru bo òkè, wọ́n há sínú ahéré pẹ̀lú ọsàn kan ṣoṣo. Gunnvor bó ọsàn náà, ó sì fi ìlàjì tó tóbi lé Åsne lọ́wọ́. Åsne wò ó, ó ní, "Ṣé o fẹ́ fi ọsàn rà mí ni?" Gunnvor ní, "Tí ẹ ò bá gbówó lórí jù." Ẹ̀rín ni wọ́n fi sùn mọ́jú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń lọ.

Åsne mu kọfí rẹ̀ tán, ó dìde. "Ó dáa. Mo fún ọ di ọjọ́ Ẹtì. Sọ ibi tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ fún mi, má sọ ibi tó wù ọ́ kó ti bẹ̀rẹ̀. Bó o bá tún dọ́gbọ́n sí i, síkì mi ti di ti àwọn afunfèrè nìyẹn."

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lóṣù Karùn-ún, kò sẹ́ni tí í sọ òtítọ́ nípa yìnyín. Gunnvor ṣí fóònù. Ìkànnì ojú ọjọ́ kan ní oòrùn ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, èkejì ní òjò ni. Ó ń ti ọ̀kan bọ́ sí ìkejì títí Torleif fi ní, "Fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò tíì pàdé ara wọn láti ṣèpàdé." Ó wo kámẹ́rà tí wọ́n gbé kọ́ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí nísàlẹ̀ òkè. Koríko ló rí, àti àgùntàn kan tó ń wo òun náà padà. Àmọ́ ìhà tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀ ni kámẹ́rà yẹn kọjú sí, ibẹ̀ ni yìnyín ti kọ́kọ́ ń kú lọ́dọọdún. Ó bi ọkùnrin tó ń ta kẹ̀kẹ́ ládùúgbò. Ìyẹn ní gbogbo yìnyín ti lọ pátápátá, ó sì nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ tuntun kan. Kí la fẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ sọ?

Ó ku Sjur, olùtọ́jú ahéré Nutebu. Ti Sjur tún yàtọ̀. Òun kì í sọ rárá pé kò sí, torí ẹni tí kò bá gun òkè ò lè ra ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gunnvor mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ronú lé e dáadáa kó tó pè é.

"Sjur, ọmọ dáadáa, òkè ńkọ́?"

"Ó dára gan-an, Màmá! Funfun báláú! Ẹ ṣáà máa bọ̀."

"Mo gbọ́. Búrẹ́dì ńkọ́? Ta ló ń bá ọ gbé e gòkè?"

"Ta tún ni, Màmá? Alùpùpù yìnyín mi ni."

"O kú iṣẹ́. Ibo wá ni alùpùpù náà ń sùn báyìí?"

Sjur wúkọ́, torí alùpùpù yìnyín kì í rìn lórí ilẹ̀ lásán.

"Mo ní ibo ló ń sùn, Sjur."

"Ẹ̀n... nídìí afárá ni, Màmá."

"Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ìdí afárá ńkọ́, kí ló ń gbé búrẹ́dì?"

Sjur bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti mú mi. Ẹ̀yìn mi ni. Ó sì ti ń ro mí o."

"Òkè afárá ńkọ́? Sọ òótọ́, mo mọ ìyá ẹ."

"Òkè afárá kún, Màmá, mi ò parọ́. Ó ń dì gbagidi lóru, ẹ lè jó lórí ẹ̀ láàárọ̀. Àmọ́ tí oòrùn bá ti ga, ògì ni."

Gunnvor gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti rí òótọ́ tó ń wá, kò sì dùn tó bó ṣe fẹ́. Gbogbo ọ̀nà inú igbó, láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé afárá, ilẹ̀ lásán ni. Ó rò ó pé òun lè sọ fún Åsne pé yìnyín bẹ̀rẹ̀ nídìí afárá, kí òun sì gbẹ́nu dúró níbẹ̀. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Åsne ò rántí bí afárá ṣe jìn tó, lọ́dún tó kọjá ẹrẹ̀ ló ń wò. Bó ti ń rò ó lọ, ó rí Torleif láti ojú fèrèsé, tó ń ti ìgbẹ́ màlúù lọ sóko ọ̀dùnkún nínú bárò. Bárò náà wúwo, ọ̀nà rọ̀, síbẹ̀ ọkùnrin olórúnkún igi yìí ń tì í, ó tún ń súfèé.

Gunnvor wọ bàtà, ó jáde lọ bá a. "Torleif, mo fẹ́ yá bárò yẹn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó rìn lọ sílé Åsne. Síkì wà lẹ́nu géètì lóòótọ́. Gunnvor ò tiẹ̀ jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀. "Ọkọ mi, ilẹ̀ lásán ni láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé afárá. Afárá sì jìnnà. Ó máa tutù lẹ́sẹ̀. Òkè afárá dára, àmọ́ àárọ̀ kùtù nìkan ni. Mi ò mọ̀ bóyá òjò máa rọ̀ tàbí kò ní rọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

Åsne ń wò ó. "Bí a bá wá lọ, a tún máa pọn síkì."

"A ò ní pọ̀n ọ́n. Bárò ló máa gbé e."

"Bárò wo?"

"Ti Torleif."

"Bárò ìgbẹ́ màlúù?"

"Mo ti fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Åsne rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. Nígbà tó nu ojú tán, kò sọ pé òun á lọ, kò sì sọ pé òun ò ní lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa síkì rẹ̀ kan yọ, ó dojú rẹ̀ dé, ó ń fi èékánná họ àtè àtijọ́ tí wọ́n fi pa ìdí rẹ̀ kó lè di yìnyín mú.

"Èyí ti gan," ó ní. "Àtè wo la máa fi pa á fún yìnyín tó ń dì lóru tó ń di ògì lọ́sàn-án?"

Orí àtè yẹn ni wọ́n jà lé títí ilẹ̀ fi ṣú. Gunnvor dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n dé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n to síkì sínú bárò, wọ́n kó ọsàn, ṣokoléètì àti kọfí lé e. Gunnvor ń tì í, Åsne ń darí bí ọlọ́pàá ojú pópó. "Ọ̀tún! Ọ̀tún mo wí! Ìyàwó, ṣé báyìí lo ṣe ń gbé lẹ́tà àwọn èèyàn ni?"

Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ láti ìlú ńlá kọjá lára wọn lójú ọ̀nà, aṣọ wọn ń dán, síkì wọn sì dúró ṣánṣán lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin náà wo bárò, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú ọgbìn o!"

Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi bá a nínú igbó, ó ń bá ẹ̀ka igi jà. Síkì ti kọ́ igi lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti wọ ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí òkúta, ó ń fún omi nínú ìbọ̀sẹ̀.

"Màmá," ọkùnrin náà sọ jẹ́jẹ́, "ṣé àyè ṣì wà nínú bárò yẹn?"

"Àyè wà," Åsne dáhùn. "Olùtì ni kò sí."

Bó ṣe di pé ọkùnrin aláṣọ dídán ló ń ti bárò dé afárá nìyẹn, tí àwọn àgbàlagbà méjì ń rìn bọ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n kọ́wọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá wo oko. Nídìí afárá, alùpùpù Sjur wà níbẹ̀, yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó funfun lọ títí dé òkè. Åsne fi ọ̀pá síkì gún un wò, kò gbójú sókè.

"Ó kún," ó ní. Ìyẹn nìkan ló sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òjò ò rọ̀. Yìnyín ti dì gbagidi, ó ń dán bí àwo. Wọ́n yọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti Nutebu, Åsne síwájú, Gunnvor lẹ́yìn, síkì ń dún ṣaa-ṣaa, kò sí ohun mìíràn tó ń dún lórí òkè náà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí afárá, Gunnvor bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ síkì rẹ̀. Ó gbójú sókè, Åsne ti yí padà, ó ti kọrí sókè.

"Ọkọ mi, ibo lẹ̀ ń lọ? Oòrùn ti ń ga! Ògì ló ń bọ̀ yẹn!"

"Kó di ògì! Ìyàwó, jẹ́ ká tún yọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ẹ ẹ̀ ní gbọ́ tèmi?"

"Ọdún mélòó ni mo ti ń gbọ́ tìẹ? Máa bọ̀!"

Wọ́n gun ìdajì òkè padà. Gbogbo ohun tí Sjur sọ ló ṣẹ. Bí wọ́n ti yíjú láti sọ̀kalẹ̀, yìnyín ti rọ̀, Åsne ò tíì yọ̀ jìnnà tó fi rì dé itan. Ó dúró síbẹ̀ bí kùkùté igi, fìlà rẹ̀ ti ṣí, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n.

"Lọ́dún tó ń bọ̀," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ká gbéra ṣáájú àsìkò yìí. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fà yín yọ ná."

Gunnvor nawọ́ sí i, ó fà á, yìnyín sì gba òun náà dé ìbàdí.