Eré Ìfẹ́ Tí Ìyá Mi Fẹnu Yà

Méjì nínú mẹ́tàlá. Iye tí wọn kò fẹ́ kí n sọ síta nìyẹn, òun náà ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Eré ìfẹ́ ayé àtijọ́ kan wà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba ṣe láti inú ìwé ìtàn tí gbogbo wa kà nílé-ẹ̀kọ́. Apá mẹ́tàlá ni. Méjì péré ló ṣẹ́ kù sínú yàrá tí wọ́n ń kó téèpù pamọ́ sí. Ọ̀gá tó sọ ọ́ fún mi kọ́kọ́ dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo sọ ọ́ fún o, mi ò sọ ọ́ fún ìwé ìròyìn." Mo bi í pé níbo ni mọ́kànlá yòókù wọlẹ̀ sí. Ó ní wọn kò wọlẹ̀. Pé láyé ìjọba ológun, nígbà tí owó kò sí láti ra téèpù tuntun, àṣẹ wá láti òkè pé kí wọ́n máa gba ọ̀rọ̀ gómìnà sórí àwọn ti àtijọ́. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Apá ìkẹyìn ni mo bá lọ sọ́dọ̀ wọn, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tí ìyá mi sọ pé àwọn rí, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò sì rí. Apá ìkẹyìn kò sí nínú méjì náà.

Mo rántí ìgbà tí eré náà gba ìlú Ẹdẹ kan. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba. Ènìyàn ń tò láti ra ọṣẹ àti mílíìkì, sójà sì ń fi kòbókò tún ìlà ṣe. Wọ́n ti yunifásítì wa pa nítorí pé a fẹ̀hónú hàn, mo sì padà sílé pẹ̀lú àpò ìwé kan àti ìbínú tí àpò kankan kò lè gbà. Mo gbà tọkàntọkàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni yóò tú ìjọba náà ká. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo délé, mo bá gbogbo àdúgbò nínú pálọ̀ wa, wọ́n ń nu ojú nù nítorí ahunṣọ kan tí kò gbé ayé rí.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Láyé ogun, wọ́n kó ọmọbìnrin kan lẹ́rú lọ nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù díẹ̀. Ahunṣọ ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kò ní idà, kò sì ní ẹṣin. Ó gbé òfì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó sì ń hun aṣọ kan ṣoṣo tí òun àti ọmọbìnrin náà jọ dá ọnà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń tà á ní gbogbo ọjà tó bá dé, ó ní bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan yóò wọ̀ ọ́ kọjá lójú ọmọbìnrin náà. Ṣé yóò rí i? Bó bá rí i, ṣé yóò wá? Kò sí ohun mìíràn nínú apá mẹ́tàlá. Mo ti ka àwọn ọ̀mọ̀wé tó sọ pé oorun ni irú eré bẹ́ẹ̀ ń kùn sí mẹ̀kúnnù lójú. Irọ́ ni. Ẹni tó ti dúró láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nítorí ọṣẹ kan, tí wọ́n tún wá ní kí ó padà lọ́la, mọ ohun tí ahunṣọ yẹn ń ṣe ju ọ̀mọ̀wé lọ.

Mo ń sọ báyìí nísinsìnyí. Nígbà náà, mo gbé àga mi kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, mo ṣí ìwé ńlá kan lé itan, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé èmi kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Wọn kò fura pé dígí ìyá mi, èyí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, wà lára ògiri níwájú mi.

Aránṣọ ni ìyá mi, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni wọ́n pẹ̀lú. Ìyá tiwọn, ìyá àgbà, ń gbé ìlú Ara láàárín àwọn àgbẹ̀, wọn kò fi òrìṣà ilé baba wọn sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbé ìrìn mọ́. Iná kò tíì dé agbo ilé wọn. Awakọ̀ kan tí ń ná ọ̀nà Ẹdẹ sí Ara wo apá kìíní nílé wa, ó lọ ròyìn rẹ̀ fún ìyá àgbà, ó sì ròyìn rẹ̀ kátikàti. Ìyá àgbà ránṣẹ́ padà bí ẹni tí ń béèrè iṣu: "Ẹ ní kí ọmọ mi fi ìyókù ránṣẹ́."

Láti apá kejì lọ, ìyá mi ń gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tí ń lo bátìrì kalẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì jókòó tì í. Ohun tí ojú wọn bá rí ni wọ́n ń fi ẹnu yà. "Ìyá, ó ti wọlé báyìí o. Ẹ̀tù ló wọ̀, ẹ̀tù gidi, ṣùgbọ́n ẹni tó rán ọrùn rẹ̀ kò kọ́ṣẹ́ yanjú. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó jọ pé kò tíì jẹun."

"Ìyá Télọ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀!" ni àwọn ará ilé yóò pariwo.

"Ẹ ní ojú, ẹ ní etí, ẹ tún fẹ́ gba tẹnu mi mọ́ ọn? Òjòwú!"

Èmi náà dá sí i. Mo ṣàlàyé fún wọn, ní èdè tí mo fi owó ilé-ẹ̀kọ́ rà, pé ariwo wọn ń ba iṣẹ́ ọnà jẹ́, pé ohùn eré nìkan ni ó yẹ kí kásẹ́ẹ̀tì gbà. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé etí ni ìyá mi yóò fi wo àwòrán?"

Ibi kan ṣoṣo ni àwòrán ẹnu wọn ti máa ń kùdíẹ̀. Bí àwọn olólùfẹ́ náà bá dì mọ́ ara wọn nínú àlá tàbí nínú ìrántí, ìyá mi yóò wúkọ́, wọ́n á ní, "Wọ́n ń kí ara wọn." Pálọ̀ yóò bú sẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kan, awakọ̀ mú èsì dé láti Ara: "Ìyá ní kí n sọ fún yín pé irú ìkíni tó pẹ́ tó báyẹn, ọmọ ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀."

Àdéhùn ni pé kí awakọ̀ máa gbé kásẹ́ẹ̀tì àti rédíò lọ sí Ara, kí ó sì máa gbé wọn bọ̀, kí a lè gba ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e sórí rẹ̀. Ìyá àgbà kò dá kásẹ́ẹ̀tì kankan padà. Wọ́n ní ẹni tó fúnni lóúnjẹ kì í ní kí a pọ̀ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun kò sì sí lórí igbá nígbà náà. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ki bébà bọ ihò méjèèjì tó wà lórí àwọn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, kí wọ́n lè tún gba ohùn. Orin àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ìwàásù àjọ̀dún ìkórè lọ. Wọ́n ní pásítọ̀ yóò tún wàásù. Nígbà tó ku apá ìkẹyìn, kò sí kásẹ́ẹ̀tì kankan nínú ilé mọ́, àfi tèmi.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí pápá ni ó wà nínú rẹ̀, lọ́jọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí wọ́n ti yunifásítì pa. Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbà á sílẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ tí mo bá dá wà, mo sì gbà pé àwọn òpìtàn yóò wá a wá. Mo bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ki bébà bọ̀ ọ́.

"Màmá! Ẹ̀rí ìtàn nìyẹn! Ọ̀rọ̀ tí a fi dojú kọ ìjọba ológun nìyẹn!"

Wọn kò gbójú sókè. "Ta ló ń dúró dè é ní Ara?"

Mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ fún wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ apá ìkẹyìn, ilẹ̀ ṣú mọ́ gbogbo ìlú. Àwọn oníná ti mú iná lọ. Igbe ta ní pálọ̀. Ká tó mọ̀, awakọ̀ ti wọlé, ó ti tú bátìrì ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e lérí. Ó ní, "Bí mi ò bá gbé òpin eré yìí lọ, ta ló fẹ́ wọ Ara lójú ìyá àgbà?" Wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àwòrán sì jáde. Ṣùgbọ́n bátìrì náà ti gbó. Bí eré ti ń lọ ni àwòrán ń súnkì, ó dà bí ìwé pẹlẹbẹ, ó dà bí páálí ìṣáná. A wá sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí orí ń gbá orí. Èmi náà ti fi dígí sílẹ̀. Obìnrin náà ti wọ ọjà báyìí, irun rẹ̀ ti funfun. Ẹnìkan wọ aṣọ náà kọjá lójú rẹ̀. Ó ń tẹ̀lé e lọ sí ilé òfì. Ibẹ̀ ni àwòrán parẹ́.

Ohùn nìkan ló kù. A gbọ́ òfì tí ń dún, a gbọ́ ẹsẹ̀, òfì dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà náà ni ìyá mi sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, sínú rédíò:

"Ìyá, ó ti mọ̀ ọ́n. Ó ju ọ̀kọ̀ òfì sílẹ̀. Wọ́n ti dì mọ́ ara wọn, Ìyá. Wọn kò kí ara wọn o. Wọ́n dì mọ́ra, afẹ́fẹ́ kò rí àárín wọn gbà kọjá."

Tẹlifíṣọ̀n kú pátápátá. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ lahùn: "Ìyá Télọ̀, níbo lẹ ti rí i?"

"Dákẹ́, kí o gbé e lọ fún wọn."

Ó gbé e lọ. Èsì tó mú bọ̀ kò gùn: "Ìyá ní òní ni ọmọ àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ òótọ́."

Ilé-iṣẹ́ náà kò tún fi eré náà hàn mọ́ láéláé. Àwọn kan láti ìlú tí iná wà lọ́jọ́ náà ní ahunṣọ kú kí obìnrin tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; àwọn mìíràn ní kò dá a mọ̀. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Síbẹ̀ eré náà kò kúrò lẹ́nu ará Ẹdẹ. Títí di òní, ẹni tó bá ń dúró de ìyàwó tó wà lókè òkun, "ahunṣọ" ni wọ́n ń pè é, àwọn tí ń pè é bẹ́ẹ̀ kò sì tíì dáyé nígbà náà. Àwọn ológun lọ. Ìyá àgbà lọ. Ìyá mi náà lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú wọn, ó wá ń ṣe mí bíi kí n mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n rí nínú òkùnkùn náà ṣẹlẹ̀ ní ti òótọ́. Bí mo ṣe dé iwájú ọ̀gá tó ti ilẹ̀kùn nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń pariwo létí mi bí mo ti ń lọ sí Ara. Mo ń ronú òjò, mo ń ronú eku àti ooru orí àjà. Àbúrò ìyá mi, àgbẹ̀ ni, ló jókòó síta. Mo béèrè kásẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà. Ó ní, "Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò yẹn? Ṣebí wọ́n ní irúgbìn ni, ká má fọwọ́ kàn án." Ó mú mi wọ yàrá ẹ̀yìn. Bí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàdo tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ ni ìyá àgbà ṣe tọ́jú wọn: nínú ìkòkò gbígbẹ, lórí eérú, pẹ̀lú ata gbígbẹ kí kòkòrò má bàa dé ibẹ̀, wọ́n sì fi igbá dé e. Gbogbo rẹ̀ pé, láti apá kejì dé ìkẹtàlá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Àbúrò ìyá mi ní, "Ṣé kò séwu o?" Mo ní kò séwu, ẹ̀rù ló bọ́ lára mi.

Mo fi èyí tó kẹ́yìn sínú ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ fà, ó sì là. Ìyá mi ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀. Mo rí ọrùn aṣọ tí wọn kò rán dáadáa, mo rí irun funfun, mo rí ọwọ́ tó ju ọ̀kọ̀ òfì sílẹ̀. Ká ní wọ́n gbọ́ tèmi nígbà náà, tí wọ́n pa ẹnu mọ́, kí ni ǹ bá rí lónìí? Lẹ́yìn "kí o gbé e lọ fún wọn," ẹ̀rọ ta kán-ún, ohùn ọ̀dọ́ kan láti orí pápá sì bẹ́ jáde, ó tín-ín-rín bíi ti òròmọdìẹ: "...àwa kò ní gbà! A kò ní gbà láéláé!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. N kò béèrè mọ́ bóyá ìyá mi rí i tàbí wọn kò rí i.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, ọ̀rọ̀ mi kàn yín. Ẹ gba ọ̀rọ̀ gómìnà sórí ìfẹ́. Ẹ wá sọ fún wa, ta ló ń dúró dè é? Ẹ fi ẹnu ara yín kéde pé méjì ló kù. Ẹ jáwọ́ nínú pípa ohun tí kì í ṣe tiyín rẹ́. Apá kìíní, èyí tí ìyá mi kò gbà sílẹ̀, wà lára méjì tó wà lọ́wọ́ yín. Méjìlá yòókù wà lọ́wọ́ mi. Ẹ gbé tiyín wá sí Ẹdẹ, èmi yóò gbé ìkòkò ìyá àgbà wá. Ẹ dá ọjọ́ fún wa.