Ìkòkò Funfun Màmá Kòríà

Mo rántí ìgbà tí mo ń ṣọ́ yàrá Kòríà nínú mùsíọ́ọ̀mù kan ní Hamburg. Iṣẹ́ mi kò ju kí n dúró, kí n máa sọ fún àlejò pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan. Ìkòkò funfun róbótó kan wà níbẹ̀. Ìlàjì méjì ni wọ́n mọ ọ́n kí wọ́n tó so ó pọ̀, ojú ìsopọ̀ náà ṣì hàn ní ìbàdí rẹ̀. Aládùúgbò mi ní Osdorfer Born ló ni ín tẹ́lẹ̀, ìyá àgbà ará Kòríà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ ẹ, ó fi ta mùsíọ́ọ̀mù lọ́rẹ, ó sì bẹ̀bẹ̀ ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n jẹ́ kí òun máa wá kí ìyá òun níwájú ìkòkò náà ní àyájọ́ ikú rẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n ní kò burú. Èmi tí n kò tíì bímọ fi òwe bú àwọn ọmọ ọlọ́mọ: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹnu mi mú gan-an nígbà náà.

Ọjọ́ pé, màmá bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ó foríbalẹ̀. Kí àgbà wà nílẹ̀, kí ọmọ Yorùbá dúró ṣánṣán lé e lórí? Èèwọ̀! Mo kúnlẹ̀ tì í tèmi taṣọ iṣẹ́. Ká ní òun nìkan ni, bóyá wọn ì bá gbójú fò ó. Àmọ́ ọ̀gá tuntun wọlé, ó bá àwa méjèèjì nílẹ̀, ó ní a ti sọ ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yá mùsíọ́ọ̀mù mìíràn ní Berlin ní ìkòkò náà, àwọn yẹn sì tì í mọ́ ilé ìkẹ́rùsí wọn ní àdúgbò Reinickendorf.

Nígbà tí àyájọ́ tún pé, mo bá màmá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ní ará ìta kì í wọlé. Màmá foríbalẹ̀ fún géètì onírin, lórí òkúta tútù. Mo bú sẹ́kún, inú sì ń bí mi.

"Má sunkún," ló wí. "Ìyá mi á gbọ́."

Kí ọdún náà tó yípo, òun náà kú.

Wọ́n ti gbé ìkòkò náà síta báyìí ní Berlin, iná ń tàn sí i lára. Èmi náà ti kó wá sí Berlin, àdúgbò Gesundbrunnen ni mò ń gbé. Ní àyájọ́ ikú màmá, mo mú ọmọbìnrin mi lọ, mo sì kúnlẹ̀.

"Baby mi, oya kúnlẹ̀, ká greet màmá."

Ó wo àwọn àlejò, ojú tì í.

"Mama, steh auf!"

Mo dìde bó ṣe wí. Aṣọ òfì ìyá mi wà nínú àpótí nílé. N kò mọ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi.