Ta Ló Yan Àwòrán Ẹlòmíràn fún Lyle Drabek?

Lyle Drabek kú ní oṣù kejì, nílé rẹ̀ ní ìlú Burbank, lórí àga. Ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ìkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀. Nínú fíìmù, wọ́n ti yìnbọn pa á nígbà mẹ́tàdínlógójì, wọ́n yẹgi fún un lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹṣin sì tẹ̀ ẹ́ pa lẹ́ẹ̀kan. Tọ̀tẹ̀ yìí ni kò dìde mọ́ láti lọ jẹun ọ̀sán.

Ẹ lè má mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ojú rẹ̀. Òun ni ọlọ́tí tó máa ń sá sẹ́yìn káńtà bí ìbọn bá ti fẹ́ dún. Òun ni adájọ́ tó ń tòògbé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é, nínú fíìmù àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo máa ń fi àtíkè kùn ún lójú. Àràárọ̀ ló máa ń bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé òkú ni mí lónìí, àbí alààyè?" Bí mo bá ní òkú ni, á ní, "Ọpẹ́ o! Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo máa há sórí nìyẹn."

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ṣe àsè ọdọọdún, níbi tí wọ́n ti máa ń fi àwòrán àwọn tó kú lọ́dún náà hàn lára ògiri. Ardith, opó Lyle, jókòó tì mí. Ó ti lọ ṣe irun. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ Lyle Drabek, ojú ta ló yọ? Ojú Vernon Stilwell, òṣèré bíi ti Lyle! Vernon tó wà nídìí tábìlì kejì, tó ń jẹ itan adìyẹ lọ́wọ́!

Vernon dìde. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbé ẹran yìí mì ná kẹ́ ẹ tó sin mí!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ardith náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìnujú.

Mo lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àwọn méjèèjì ló ní irùngbọ̀n." Ẹ gbọ́ o! Ewúrẹ́ náà ní irùngbọ̀n. Kí ló dé tí wọn ò gbé ti ewúrẹ́ síbẹ̀? Ká ní gbajúmọ̀ tó ń fẹnu ko obìnrin lẹ́nu níparí fíìmù ló kú, ṣé wọ́n á ṣi ojú rẹ̀ mọ̀? Ta sì ni gbajúmọ̀ ọ̀hún ì bá yìnbọn fún, ká ní kò sí Lyle?

Vernon ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sílé. Lọ́nà, Ardith ní, "Ọdún méjìlélógójì ni mo fi wo ojú yẹn, Vernon. Ojú tìẹ ò burú o, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun."

"Mo mọ̀, ìyàwó wa," ni Vernon wí. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ títí a fi délé.

Ààrẹ ẹgbẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Àwòrán Lyle mẹ́rìnlá ló wà nínú àpótí ní ọ́fíìsì yín. Mo fojú ara mi rí wọn. Ẹ mú ọ̀kan jáde. Ẹ pe gbogbo wa padà sí gbọ̀ngàn yẹn, kí ojú rẹ̀ hàn lára ògiri, kí ẹni tó yan àwòrán ẹlòmíràn dúró níwájú Ardith, kó dárúkọ ara rẹ̀, kó sì tọrọ àforíjì. Mo ti kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò fèsì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ọjọ́ wo ni ká wá?