Àǹtí Mojí, Ẹni Tó Bá Mi Ru Ẹ̀bi

Láti ọwọ́ Ìyá Àánú, akọ̀wé ní ẹ̀ka Mowé

Àǹtí Mojí o! Ó wá di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Èmi ni wọ́n ní kí n fi fóònù túfọ̀ yín fún àwọn ará Ìfọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti wọ ọsibítù ni mo ti ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ yẹn lè kàn mí. Nígbà tí Mátírọ̀nì Ìfọ̀ gbé e, mo kàn ń kí wọn ṣáá ni: ẹ káàárọ̀ mà, ṣé dáadáa ni, àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n ní, "Ìyá Àánú, kí ló dé? Ṣé rìpọ́ọ̀tù tún ti lé yín jáde ni?" Ẹkún gbà mí lẹ́nu. Wọ́n mọ̀.

Ẹ̀yin ẹbí àti ará ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá ẹ ò mọ ohun tí Àǹtí ń ṣe níbi iṣẹ́. Ilé ìwòsàn wa ní ẹ̀ka mẹ́ta: Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀. Rìpọ́ọ̀tù kan wà tí wọ́n gbé sínú wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa, níbẹ̀ la ti ń rí oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kù ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ṣí, ìyá ọlọ́mọ lè wọkọ̀ láti Magboro wá gba abẹ́rẹ́ tó ti tán lánàá. Àǹtí Mojí ni wọ́n ń mójú tó o. Sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n parí, bíi tèmi. Ìdí tàpúráítà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, síbẹ̀ àwọn tó kàwé jù wọ́n lọ ló ń wá bi wọ́n léèrè.

Àǹtí mi, ọlọ́pọlọ pípé, títí dòní ni ó ń yà mí lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, ẹ ó bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ẹ ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ńtì, ẹ ó máa fi imú kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kì í sáré fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí lo tẹ̀ gbẹ̀yìn?" Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ò tẹ nǹkan kan, ẹ ó ní, "Áńgẹ́lì ló wá tẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Bá mi pè é wá."

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni Àánú nígbà tí wàhálà yẹn dé. Bí mo bá ti wọ inú rìpọ́ọ̀tù láàárọ̀, Ìfọ̀ á pariwo pé ó lé àwọn jáde. Bí àwọn bá wọlé, ó di èmi. Ọ̀gá wa sọ pé èmi ni mò ń bà á jẹ́, pé bí ó bá fi di Fúráìdì tí kò tíì dára, kí n jókòó sílé. Ọkọ mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Àyà mi já débi pé ọmú mi gbẹ. Ọmọ ń ké, èmi náà ń ké.

Àárọ̀ Tọ́sídeè lẹ dé láti Ìbàfò. Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, ẹ ní kí gbogbo ẹ̀ka jáde. Ẹ ní, "Mowé, wọlé." Mo wọlé, rìpọ́ọ̀tù ṣí. "Ìfọ̀, ẹ wọlé." Nọ́ọ̀sì Ṣadé, tó ń tẹ rìpọ́ọ̀tù ní Ìfọ̀, dáhùn lórí fóònù pé àwọn ti wọlé. Ẹ ní kí n tẹ ojú ewé kejì. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó jù mí síta, ó tún ń bi mí pé ta ni mí. Mátírọ̀nì pariwo lórí fóònù pé, "Mo ní àǹjọ̀nú wà nínú ẹ̀rọ yẹn!" Ẹ ní, "Àǹjọ̀nú kọ́ mà. Èèyàn méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan." Ẹ wá yíjú sí mi: "Ìyá Àánú, orúkọ ta ni Ìfọ̀ fi wọlé?"

Orúkọ tèmi ni. Ẹ ti kìlọ̀ fún wa pé kí oníkálukú máa lo tirẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí orúkọ kan wà níbi méjì. Ṣùgbọ́n líǹkì tí mo fi ránṣẹ́ sí Ṣadé kọ̀, kò ṣí fún un, mo sì dá a lọ́lá, mo fún un ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí mo fi ń wọlé. Ta ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo líǹkì náà, ẹ mi orí. Ẹ ní ìgbà tí mo ti wọlé tán ni mo dà á kọ, àṣẹ ìwọlé tèmi ló wà lára rẹ̀, àṣẹ ọ̀hún sì ti kú kí ó tó dé Ìfọ̀. Ẹ ní, "Ẹnu ọ̀nà ni kí o máa júwe fún àlejò. Jẹ́ kó wọlé fúnra rẹ̀." Ẹ ṣe líǹkì mìíràn, ẹ fún Ṣadé ní orúkọ tirẹ̀. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rìpọ́ọ̀tù kan náà, kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Mo wo ẹsẹ̀ yín lórí sìmẹ́ńtì yẹn, ẹ̀rù yín bà mí.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá wọlé, wọ́n ní, "Ta ló fà á?" Ẹ wọ bàtà yín, ẹ ní, "Èmi ni sà. Mi ò kọ́ wọn dáadáa." Wọ́n bá yín wí lójú gbogbo wa, wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ sínú fáìlì yín. Mo pọn ọmọ mi, mo dákẹ́. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ fún yín ní kọ́rídọ̀, ẹ ní, "Dìde jàre, lọ fọ́mọ lọ́mú."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gá ní kí n wá gba ipò yín, nítorí pé fáìlì mi mọ́. Mi ò lè jókòó sórí àga yẹn pẹ̀lú irọ́. Ọ̀gá mi sà, èmi ni mo fún Ìfọ̀ ní páswọ́ọ̀dù. Ẹ yọ ìwé ìkìlọ̀ yẹn kúrò nínú fáìlì Àǹtí Mojí, ẹ fi sínú tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ìwé báyìí.

Àǹtí mi, abiyamọ tòótọ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ tí kò sì fi í yangàn, ẹ máa sùn ní àlàáfíà. Kí ilẹ̀ tù yín lára.

Ọ̀gá, bóyá ipò náà ṣì jẹ́ tèmi o, bóyá kí n kẹ́rù mi nílẹ̀ ni o, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi lésì kí ó tó di ọjọ́ Ajé.