Àga Tó Ń Gbé Màámi Dìde

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ dárúkọ Ọnọ́rébù létí mi. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín, kó lọ yìn ín nílé ara rẹ̀. Àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jóodáadáa, torí pé bí oníbàárà bá ń kán an lójú, èsì rẹ̀ kò ju pé, "Ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ n jó o dáadáa." Wẹ́dà ni. Géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe jù. Èmi télọ̀, òun wẹ́dà, inú ilé kan náà la wà: ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní yàrá iwájú, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, Màámi sì wà ní yàrá àárín.

Màámi kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sójú kan tẹ́lẹ̀ o. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dé, tó mú wọn lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń ṣiṣẹ́, àgàgà ẹnu, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Èmi ni mò ń nù wọ́n lára lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí mò ń nù ẹ́, o ò mọ nǹkan kan. Èmi mọ̀." Mo jáde, mo lọ sunkún nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Jóodáadáa gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lọ wá àga ọkọ̀ àlòkù kan, ó wá jáàkì, ó wá sípíríǹgì, ó sì mú okùn wá, ó fi ń wọn Màámi láti gìgísẹ̀ dé orúnkún, láti orúnkún dé ìbàdí. Màámi ní, "Ṣé pósí lo fẹ́ kàn fún mi ni?" Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ dákẹ́ ná, Màámi." Nígbà tó parí ẹ̀, ó di àga kan tó jẹ́ pé tí èèyàn bá jókòó sí i, tó ń fi ọwọ́ tẹ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa gbé onítọ̀hún díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa dìde dúró, irin kan á sì wà láyà tí kò ní jẹ́ kó ṣubú. Táyà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí Màámi kọ́kọ́ dìde, ojú fèrèsé ni wọ́n ní ká tì wọ́n lọ. Wọ́n dúró, wọ́n wo ìta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú aládùúgbò tó ń da omi ìdọ̀tí sójú ọ̀nà. A mọ̀ pé ara ti ń yá nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ bálùwẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Inú mi dùn débi pé mo jó.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ wẹ́dà. Tí wọ́n bá jó irin méjì pọ̀, ojú ibẹ̀ máa ń wú bí àpá. Lára géètì, wọ́n á fi ẹ̀rọ lọ ọ́ títí á fi jọ̀lọ̀, torí oníbàárà fẹ́ kó dán, géètì ò sì gbé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tó bá máa gbé èèyàn, wíwú yẹn gan-an lagbára rẹ̀. Ẹnu àbúrò mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ó fi gbogbo ojú jíjó ara àga yẹn sílẹ̀ bó ṣe wú.

Òkìkí àga náà kàn dé ibi tí kò yẹ kó dé. Ọ̀kan nínú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọnọ́rébù, aṣòfin tó ń ṣojú wa, wọlé wá pẹ̀lú bàtà tó ń kọ mọ̀nà. Ó ní ọ̀gá òun ń bọ̀ wá bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ó fẹ́ràn àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọpọlọ wọn ṣe nǹkan tuntun. Ọ̀dọ́ wo? Àbúrò mi tó ti ń hewú! Ó ní wọ́n máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù ńlá fún un, kó lè máa ṣe irú àga yìí fún gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ojú àbúrò mi tàn. Lọ́kùnrin yẹn bá fọwọ́ kan àga, ó yínmú. Ó ní, "Àpá ló kún ara ẹ̀ báyìí. Kò ní dáa nínú kámẹ́rà. Lọ ọ́ kó dán, kí o kùn ún ní àwọ̀ ẹgbẹ́ wa."

Mo kọjú sí àbúrò mi, mo ní, "Ìwọ, ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ pé èyí kì í ṣe géètì?"

Ó ní, "Díẹ̀ ni màá lọ lára ẹ̀, Àǹtí mi. Ṣé Màámi wúwo ni?"

Díẹ̀ kẹ̀! Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti ń lọ géètì. Ọwọ́ tí iṣẹ́ ti mọ́ lára kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Nígbà tó ṣe tán, mo fọwọ́ ra ara irin náà, n ò rí ibi tí ọ̀kan ti pàdé èkejì. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ta kánópì sójú ọ̀nà. Mo ti rán aṣọ tuntun fún Màámi, torí àwọn ni wọ́n ní kó jókòó sínú àga kí gbogbo ayé rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ikùn Ọnọ́rébù ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tó tó àsìkò, ó ní òun lòun máa jókòó sí i. Àbúrò mi sáré síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ara Màámi ni mo fi wọ̀n ọ́n..." Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn fi èjìká tì í sẹ́yìn. "Má dójú tì wá." Ọnọ́rébù jókòó, ó tẹ irin, àga gbé e dìde, ariwo sọ. Kámẹ́rà ò gbé e dáadáa, ló bá tún jókòó, ó tún dìde. Ó wá gba máíkì, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹ̀bùn bí irú èyí ṣòfò. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Màámi wà lórí àga oníke nínú oòrùn, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, àga náà ń dán gbinrin. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Màámi jókòó sí i, wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n nàró ni mo gbọ́ gbàà! Irin ìdí àga ti já. Egungun ìbàdí Màámi fọ́. Dókítà ní pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, kò ní jinná débi tí wọ́n á tún fi nàró.

Àbúrò mi gbé irin tó já yẹn sọ́wọ́, ó ń wo ibi tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Màámi ní, "Èmi ni mi ò jókòó dáadáa." Irọ́ ni, gbogbo wa la sì mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ò jó irin kankan mọ́. Mo pe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ má dárúkọ Ọnọ́rébù sí i o. Ṣé Ọnọ́rébù ló jó o ni?" Mo ṣépè fún un títí ó fi pa fóònù. Ohun tó dùn mí jù ni pé àbúrò mi ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an fún ara rẹ̀.

Ojú ò ti àwọn èèyàn yẹn. Wọ́n tún wá. Ọnọ́rébù fúnra rẹ̀ ló kó wọn lẹ́yìn wá, pẹ̀lú kámẹ́rà àti àga oníkẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n tẹ fọ́tò ojú Ọnọ́rébù sẹ́yìn rẹ̀. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ní, "Màmá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wo ibí yìí."

Màámi ní, "Ẹ gbé mi dìde ná. Mi ò dùbúlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí."

Kò sẹ́ni tó mira. Ni àbúrò mi bá wọlé. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Màámi látẹ̀yìn, ó gbé wọn sókè títí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn fi kan ilẹ̀. Ìrora mú wọn, omi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò ké. Wọ́n wo Ọnọ́rébù. Wọ́n ní, "Mo ti dìde. Àga mi dà?"

Ọnọ́rébù rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ tí fídíò fi dé orí fóònù gbogbo èèyàn. Wọ́n ti yọ ohùn Màámi kúrò, wọ́n fi orin sí i. Wọ́n gé àbúrò mi kúrò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nìkan la rí lábíyá Màámi, Ọnọ́rébù sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyá tí kò lè dìde ti dìde! Ọpẹ́lọpẹ́ Ọnọ́rébù wa." Oníbàárà mi kan wá gba aṣọ, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú oríire o! A rí Màmá, wọ́n ti ń dìde."

Mo fà á lọ́wọ́ wọ yàrá àárín. Mo ní, "Àwọn nìyí. Bá wọn yọ̀."

Màámi wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí wọ́n ṣe wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya fídíò yẹn. Àbúrò mi jókòó ti ẹsẹ̀ wọn, kò gbójú sókè. Obìnrin náà gba aṣọ rẹ̀, ó lọ.