Agbọ̀n Iyẹ̀pẹ̀ Tèmi

Òórùn kọfí àti róòbù ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá kan ní Riverdale Park, ní Amẹ́ríkà. Òyìnbó ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, èmi sì ni nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Awalẹ̀pìtàn ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ìwọ náà mọ irú wọn: tí ọ̀rọ̀ bá ti kan iṣẹ́ wọn, kọfí á tutù, bándéèjì á wà lọ́wọ́ rẹ, wọn ò ní dákẹ́. Kò bí mi nínú. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sábà wá, èmi náà ò sì ní ẹni tó ń retí mi ní yàrá tí mo háyà ní Landover.

Ìtàn ìlú kan ló fẹ́ràn jù, ìlú àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà nítòsí odò Misisípì kí òyìnbó kankan tó débẹ̀. Wọn ò ní ẹṣin, wọn ò ní ọmọlanke. Agbọ̀n ni wọ́n fi ń ru iyẹ̀pẹ̀ jọ títí òkìtì wọn fi ga ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Wọ́n sin òkú sínú òmíràn, wọ́n kọ́lé olórí wọn sórí òmíràn. Nígbà tó yá, ìlú tú, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ń pè é mọ́. Ìyẹn máa ń dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá nígbà náà kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ tèmi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ìjẹ̀bú. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti jẹun, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bàbá wa ti ṣaláìsí. Wọ́n tiẹ̀ ti sin wọ́n lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

"Màámi ni wọ́n ní ká má tíì sọ fún ẹ," ó ní. "Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ yẹn, papers ẹ ò sì tíì jáde. Tó o bá gbọ́, wàá fẹ́ máa bọ̀."

Kò parọ́. Bí mo bá kúrò ní Amẹ́ríkà láìsí ìwé ìgbélùú, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ìfẹ́ ni àwọn ará ilé fi ṣe é, bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń ṣe é fún ọmọ tó wà lókè òkun, síbẹ̀ ó gún mi lọ́kàn. Gbogbo ọmọ ló bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàárè bàbá mi, láti orí àgbà dórí èyí tó kéré jù, wọ́n sì fò mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Mo ní ẹ ṣeun, bí ẹni pé mo lọ síbi ìsìnkú náà.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ bàbá òyìnbó, ó wo ojú mi, ó béèrè. Mo sọ fún un, mo sì sunkún níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí itan mi. Kò ní kí n dákẹ́. Ó ní bí àwọn bá gé òkìtì wọ̀nyẹn wò, iyẹ̀pẹ̀ agbọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣì hàn níbẹ̀, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, nítorí pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti bù wọ́n wá. Mo bi í pé, ẹni tó pẹ́ dé ńkọ́?

"Wọ́n máa ń padà wá," ó dáhùn. "Koríko á ti hù lórí òkìtì, wọ́n á tún da tiwọn lé e."

Bàbá òyìnbó náà kú kí ìwé mi tó jáde. Nígbà tí mo wá délé ní Ìjẹ̀bú, ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ síwájú sàárè bàbá wa. Táìlì funfun ni wọ́n fi bò ó látòkè délẹ̀, ó ń dán, kò síbi tí iyẹ̀pẹ̀ lè gbà wọlé. Mo dúró pẹ̀lú abọ́ iyẹ̀pẹ̀ tí mo bù wá lọ́wọ́ bí ẹni tó ṣìnà. Ojú ń tì mí, mo dà á sórí táìlì náà bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí, mú ìgbálẹ̀ débẹ̀. Màámi pè é láti ojú fèrèsé.

"Má gbá a," wọ́n ní. "Àbúrò ọkọ ẹ ló dà á. Òun ló kù tí kò tíì bu iyẹ̀pẹ̀."

Mo ti padà sí Landover, mo ṣì ń dá jẹun, ilé ṣì ń dákẹ́ rọ́rọ́ bí mo bá wọlé. Àmọ́ mi ò ronú mọ́ pé wọ́n sin bàbá mi láìsí èmi. Wọ́n dúró dè mí, èmi ni mo kẹ́yìn.